Iṣan Wo Ni?

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé o sùn dáadáa, ṣé o jí dáadáa? Ṣé òtútù ibẹ̀ kò tíì wọ egungun rẹ? Mo gbọ́ lórí rédíò pé atẹ́gùn líle kan ń bọ̀ lápá òkè ayé. N kò mọ̀ bóyá ọ̀dọ̀ rẹ ni, ṣùgbọ́n mo ti ń bẹ̀rù dè é. Ìyá rẹ ní bí kò bá sí ohun tí màá bẹ̀rù, màá bẹ̀rù pé kò sí. Má dá a lóhùn.

Ara wa le. Òrùlé kò jò. Mo sọ ọ́ kí o má baà rò pé ó ń jò ni.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò tó nǹkan. Ọwọ́ ọ̀tún mi máa ń gbọ̀n díẹ̀ bí mo bá gbé e lé itan, bí ẹni tó ń yí hóró àgbàdo láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá. Ojú ọjọ́ ni. Ọ̀gá ilé-ìwé, obìnrin tí wọ́n gbé dé lọ́dún tó kọjá, wo ìwé-ẹ̀rí mẹ́ta tí mo tún kọ fún àwọn tó sọ tiwọn nù, ó ní, "Bàbá Onígègé, ṣé ẹ ti ń fi lẹ́tà pamọ́ fún wa ni?" Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi kò rẹ́rìn-ín. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń fi gègé àti tàdáwà kọ orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sórí ìwé-ẹ̀rí wọn níbẹ̀. Èmi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀wé, gègé kò tíì fẹ̀yìn tì.

Jọ̀wọ́, fi ìgò tàdáwà dúdú kan ránṣẹ́, èyí tí wọ́n ń tà níbí kì í pẹ́ ṣí. Nǹkan mìíràn: mo ti sọ fún télọ̀ tó wà lódìkejì ilé wa pé ọ́fíìsì ni o ti ń ṣiṣẹ́. Bó bá bi ọ́, ọ́fíìsì ni.

Èmi bàbá rẹ


Ọjọ́ ogún, oṣù kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Kí ẹ mú èyí tó bá bá yín nílé. Atẹ́gùn yẹn kò dé ọ̀dọ̀ mi.

Mo gbé lẹ́tà yín yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ẹ kọ lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ti ìgbà yẹn, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró bí ọmọ tó ń kọrin lórí ìlà. Ti báyìí, ìlà àkọ́kọ́ tó hóró ìrẹsì. Nígbà tí ẹ fi máa dé "Èmi bàbá rẹ," ó ti di orí abẹ́rẹ́. Dígí ojú ni mo fi kà á. Bàbá, mo ti rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí. Bàbá kan wà ní yàrá kẹrin níbi iṣẹ́ wa, awakọ̀ ojú irin ni tẹ́lẹ̀. Bó ṣe ń kọ nìyẹn kí wọ́n tó fún un ní oògùn.

Ẹ má sọ fún mi lórí fóònù pé kò sí nǹkan kan. Ẹnu yín lè tàn mí, ìwé yín kò lè tàn mí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí a máa kọ lẹ́tà. Ẹ lọ rí dókítà tó ń tọ́jú ọpọlọ, kí ẹ mú Màmá dání, torí ẹ̀yin kò ní sọ òótọ́ tán.

Ní ti ọ́fíìsì: ilé ìtọ́jú àwọn àgbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń fún wọn lóúnjẹ, mò ń mú oògùn dé ọwọ́ wọn lásìkò. Kò sí tábìlì kankan tí wọ́n fún mi. Ìgbà wo lẹ máa sọ ọ́ fún télọ̀?

Ọmọ yín


Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta

Ọmọ mi,

Mo kí ọ pẹ̀lú ọwọ́ kan, èkejì ń dá ṣe tirẹ̀.

A lọ. Dókítà náà kò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ, ó sì wọ bàtà eré ìdárayá. Ó ní kí n máa ṣí ìka kí n máa pa á dé. Ó ní kí n rìn lọ sídìí fèrèsé kí n padà. Ó bi ìyá rẹ pé ṣé apá ọ̀tún mi ń fì bí mo bá ń rìn. Ìyá rẹ ní, "Dókítà, ẹ̀rù ló ń bà á. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ ló ti ń gbọ̀n."

Dókítà ní, "Màmá, ẹ̀rù kì í mú ọwọ́ kan kó fi ọ̀kan sílẹ̀."

Ìyá rẹ fa àga sún mọ́ dókítà. O mọ̀ pé bí ìyá rẹ bá fi àwàdà sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ti dé ibi tó le.

Pákínsìnì ni wọ́n pe àrùn náà. Wọ́n fún mi ní oògùn. Ìwé kan wà nínú páálí rẹ̀, tí a bá tẹ́ ẹ, ó bo tábìlì. Mo kà á tán lẹ́ẹ̀mejì. Èébì wà níbẹ̀, òòyì wà níbẹ̀, àlá burúkú wà níbẹ̀, kí ara máa jó fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀. Mo ti fi páálí náà pamọ́ sábẹ́ àpótí gègé mi. Dókítà ṣàlàyé ohun tí oògùn náà ń ṣe, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ni mò ń wò, n kò gbọ́ ohun tó ń tinú rẹ̀ jáde. Ìwọ sọ fún mi. Kí ló ń ṣe gan-an?

N kò tíì bá télọ̀ sọ̀rọ̀. Ohun gbogbo ló ní àsìkò.

Èmi bàbá rẹ


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú ìfaradà. Iṣẹ́ ń dúró dè mí, mo fi ìkánjú kọ èyí, ẹ má bínú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìwé inú páálí yẹn mọ́. Gbogbo ohun tó ti ṣe ẹnikẹ́ni rí ni wọ́n ń kọ síbẹ̀. Oògùn iṣan ni. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí iṣan, kí ọwọ́ lè gbọ́ràn sí yín lẹ́nu. Ẹ lò ó lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, ní àsìkò kan náà, kí ẹ má fo ọ̀kankan. Bàbá yàrá kẹrin ń lò ó, ó sì ti ń fi abẹ́ fá irùngbọ̀n ara rẹ̀.

Ìgò tàdáwà ń bọ̀. Ẹ kọ̀wé kíákíá kí n rí bí ọwọ́ ṣe ń ṣe.

Ọmọ yín


Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù kẹrin

Bàbá,

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Mo pè lẹ́ẹ̀mẹrin, Màmá ní ẹ wà ní balùwẹ̀. Ènìyàn wo ló ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin ní ọjọ́ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ní kété tí fóònù bá dún?

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní ìbẹ̀rù, mo sì ti mọ̀ ọ́n ṣe báyìí. Bí oògùn náà kò bá ṣiṣẹ́, ẹ sọ. Bí ẹ kò bá lò ó, ẹ sọ. Òfìfo ìwé ni n kò lè kà.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹfà, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Dákun, dárí jì mí. Ìyá rẹ ló jókòó tì mí báyìí, ó ní òun kò ní dìde títí n óò fi sọ gbogbo rẹ̀.

Mo lo oògùn náà. Lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, n kò fo ọ̀kankan. Ìwọ ní oògùn iṣan ni. Mo wo apá mi, mo rí iṣan níbẹ̀, ó yọ gọngọ bí okùn. Mo wá rò ó: bí iṣan ọwọ́ ló ń ṣe, kí ló dé tí màá fi gbà á gba inú ikùn, níbi tí gbogbo ewu inú ìwé yẹn wà? Mo mọ̀ pé wọ́n kọ ọ́ sára páálí pé kí a gbé e mì. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà nínú ohun gbogbo. Mo ń lọ̀ ọ́ kúnná, mo ń pò ó mọ́ òróró, mo sì ń fi pa apá láti ìgúnpá dé ìka. Ìyá rẹ ló ń bá mi pa á.

Apá mi ń dán. Kò sí ohun mìíràn tó ṣe.

Ọ̀gá ilé-ìwé wá sílé lánàá. Ìwé-ẹ̀rí méjìdínláàádọ́sàn-án ló wà nílẹ̀ lọ́dún yìí, àwọn òbí yóò sì wá gbà á ní ọjọ́ kejìlá, oṣù keje. Ó ní òun máa dúró dè mí títí di òpin oṣù kẹfà. Bí ọwọ́ kò bá gbà, ẹ̀rọ ni wọ́n máa fi tẹ̀ ẹ́. Ó fi èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ hàn mí. Kò sí àmì ohùn kan lórí rẹ̀! Ọmọ kan tí bàbá àti ìyá rẹ̀ sọ lórúkọ ayọ̀, ẹ̀rọ sọ ọ́ di orúkọ egbò. Mo ní, "Ẹ wo ohun tí ẹ fẹ́ kó ọmọ yìí sí." Ó ní, "Bàbá, èmi náà kò fẹ́ ẹ. Ẹ̀yin ni mo wá bẹ̀."

Tàdáwà rẹ dé. N kò tíì ṣí i. Kí ni màá fi í ṣe?

Èmi bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, ẹ̀rín sì tán, omi náà kò dúró. Iṣan wo lẹ rò pé mò ń wí?

Ẹ̀bi mi ni. Ẹ̀bi èdè wa náà ni. Ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, iṣan ni à ń pè é. Ẹran tó ń le lápá alágbára, iṣan ni. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí gbogbo ara, iṣan náà ni. Ìkẹta yìí ni mò ń wí, orí ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá, kò sí ohun tó ṣe ọwọ́ yín. Iṣẹ́ tí orí ń rán an ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ yín ṣàlàyé. Ọpọlọ ni akọ̀wé. Láàárín okùn kan àti èkejì, àlàfo tíńtín wà, ohun kan sì wà tí ọpọlọ fi ń kọ ọ̀rọ̀ kọjá àlàfo náà. Dopamíìnì lorúkọ rẹ̀. Ẹ pè é ní tàdáwà. Apoògùn ibi iṣẹ́ wa fi àwòrán ibi tí wọ́n ti ń pò ó hàn mí, ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ. Dúdú ni ibẹ̀ lóòótọ́, bí ìdí ìgò yín. Nínú àìsàn yìí, dúdú náà máa ń ṣí, torí àwọn tó ń po tàdáwà ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Akọ̀wé wà, gègé wà, tàdáwà ló ń tán. Bí tàdáwà bá sì ń tán lọ́wọ́ akọ̀wé, kí ló máa ń ṣe? Á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ kéékèèké.

Ẹ máa ní kí a kúkú gbé tàdáwà fún un. Kò ṣeé ṣe. Ọpọlọ ní ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀ṣọ́ náà kì í jẹ́ kí dopamíìnì wọlé. Ṣùgbọ́n ó máa ń jẹ́ kí èlò tí a fi ń pò ó wọlé. Èlò yẹn ló wà nínú hóró oògùn yín. Oògùn kejì wà nínú hóró kan náà, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó sin èkíní, kí ara má baà pò ó tán lójú ọ̀nà. Tí èlò bá dé inú lọ́hùn-ún, ọpọlọ á po tàdáwà tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò lè jí àwọn tó ti kú, n kò ní tàn yín. Iṣẹ́ wọn ló ń bá wọn ṣe, fún wákàtí mélòó kan, ìdí nìyẹn tí a fi ń lò ó léraléra.

Kò sí bí ó ṣe máa gba ìgúnpá dé orí. Ẹ lọ jẹ́wọ́ fún dókítà ní ọ̀la, kó sọ ibi tí ẹ máa ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ GBÉ E MÌ. Ẹ má sì dá a dúró lójijì láìbi í.

Ẹ tún bá mi ṣe nǹkan kan. Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀, kí ẹ máa kọ gbólóhùn kan náà síbẹ̀ ní wákàtí wákàtí. Ẹ kọ gbogbo ohun tó bá ń bà yín lẹ́rù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ìyẹn kò ní nira fún yín.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹfà

Ọmọ mi, ọmọ mi,

Mo kí ọ lẹ́ẹ̀mejì, torí ọwọ́ gbà á.

Dókítà gbọ́ ọ̀rọ̀ òróró, ó yíjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì. Ó ní ìdajì hóró ni kí n fi bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kejì, inú mi rú, mo rò pé ikú dé, mo sọ fún ìyá rẹ ibi tí kọ́kọ́rọ́ àpótí wà. Ó ní òun ti mọ̀ ọ́n láti ogún ọdún. Ọjọ́ karùn-ún, inú rọlẹ̀. Ní ọjọ́ kẹjọ, ní aago mẹ́sàn-án ku ogún ìṣẹ́jú, mo wọ ẹ̀wù, mo de bọ́tìnnì rẹ̀, mo jáde sí pálọ̀. Ìyá rẹ wò mí.

"Ta ló bá yín de bọ́tìnnì yẹn?"

Mo wo àyà mi. Mo ní, "Ìwọ ni."

Ó ní, "Èmi kọ́ o."

Àwa méjèèjì dúró, à ń wo bọ́tìnnì bí ẹni rí àlejò.

Mo fi ìwé àkọsílẹ̀ náà ránṣẹ́. "Akẹ́kọ̀ọ́ yìí parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìwà rere" ni mo ń kọ, bí ó ṣe wà lórí ìwé-ẹ̀rí. Wo ti àárọ̀! Wo bí "A" ṣe la ẹsẹ̀! Ṣùgbọ́n wo ti ọ̀sán. Mo ń lo oògùn ọ̀sán gẹ́lẹ́ lásìkò, ọjọ́ mìíràn á ṣiṣẹ́, ọjọ́ mìíràn á dà bí ẹni pé omi lásán ni mo mu. Ẹ̀rù ń bà mí pé ọpọlọ ti kọ̀ ọ́. Ẹ̀rù tún ń bà mí pé wọ́n fún mi ní ayédèrú. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́: bí mo ṣe sùn, ohun tí mo jẹ, ìgbà tí mo lọ sí ìyàrá ìgbẹ́, ẹni tó bí mi nínú. Ọ̀gá ilé-ìwé wo ojú ewé àárọ̀, ó gbé ìwé-ẹ̀rí gbogbo fún mi. Wákàtí àárọ̀ nìkan kò lè tó méjìdínláàádọ́sàn-án.

Èmi bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹfà

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwádìí!

Mo mú ìwé yín lọ bá apoògùn wa. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un ní ìlà dé ìlà, títí kan ìyàrá ìgbẹ́. Ó mú pẹ́ńsù, ó ń fàlà. Nígbà tó yá, ó dá a sílẹ̀, ó ní, "Dókítà wo ló ṣe èyí?" Mo ní, "Bàbá mi ni. Ìbẹ̀rù ni yunifásítì tó lọ."

Ẹ wò ó. Ọjọ́ tí oògùn ọ̀sán kò ṣiṣẹ́, mẹ́rin ni. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé: "mo fi mílíìkì gbé e mì torí ó korò," tàbí "mo jẹ ẹyin méjì, mo wá lo oògùn." Ọjọ́ tó ṣiṣẹ́, omi lásán ni, ẹ kò sì tíì jẹun. Kì í ṣe ayédèrú. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, Bàbá, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni oògùn yìí ń gbà wọ ọpọlọ, ohun tó wà nínú ẹyin, mílíìkì àti ẹran sì ń gba ibẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n jọ ń ti ara wọn lẹ́nu ọ̀nà, ẹyin ló ń ṣáájú. Ẹ fi omi lò ó ní ìdajì wákàtí, tàbí wákàtí kan, kí ẹ tó jẹun. Ẹ má pa ẹyin tì; ẹ kàn jẹ́ kí ó dúró lórí ìlà. Ẹ fi hàn dókítà yín kó fọwọ́ sí i.

Nǹkan kan wà nínú àpò ìwé yìí. Mo ti yege nínú ìdánwò àwọn tó ń pín oògùn níbi iṣẹ́ wa. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi tẹ orúkọ mi, kò sí àmì kan lórí rẹ̀, n kò dá ara mi mọ̀. Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n fún mi ní òmíràn tí wọ́n ti buwọ́ lù, ṣùgbọ́n ìlà méjì ṣófo níbẹ̀. Ìlà òkè, orúkọ mi. Ìlà ìsàlẹ̀, iṣẹ́ mi. Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ ọ́. Ohun tí ẹ bá kọ sí ìlà ìsàlẹ̀ ni màá mọ̀ pé ẹ gbà.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù keje

Ọmọ mi, èrè mi,

Yọ dígí rẹ. O kò ní nílò rẹ̀ láti ka èyí.

Ó ti parí! Aago mẹ́fà ààbọ̀ ni mò ń lo oògùn àárọ̀, omi lásán. Aago méje ààbọ̀, mo jẹun; aago mẹ́jọ, mo jókòó. Lọ́sàn-án náà bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ ń ṣọ́ ẹyin bí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tí o sọ. Ó ní, "Ẹ dúró níbẹ̀, oògùn kò tíì wọlé." Mọ́kànlélógún lójúmọ́, fún ọjọ́ mẹ́jọ. N kò fi àmì ohùn kan du ọmọ kankan.

Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn, ó ku mẹ́fà. Ọ̀gá ilé-ìwé dé ṣáájú àsìkò, ó dúró sẹ́yìn mi, ó ń mí. Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Lọ́dún tó kọjá, ǹ bá ti fi agbára kọ ọ́, kí n bà á jẹ́. Mo rọra gbé gègé sílẹ̀. Mo wo aago. Mo gbé oògùn ọ̀sán mì, mo gbé ọwọ́ lé itan.

Ó ní, "Bàbá, kí ló dé?"

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí tàdáwà dé."

Ó gbé ìgò sókè. "Tàdáwà kún inú ìgò o."

"Kì í ṣe ìyẹn."

Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. A jókòó fún ìṣẹ́jú márùndínlógójì, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ tó mọ̀ pé ó ń bọ̀. Ọkọ̀ sì dé. Mo mọ ìgbà tó wọlé; èjìká ló kọ́kọ́ rọ̀, lẹ́yìn náà ọrùn ọwọ́. Mo kọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà láìgbé orí sókè. Níjẹta, bàbá ọmọ kan ka orúkọ ọmọ rẹ̀ sókè níwájú gbogbo ènìyàn, ó pè é bó ṣe yẹ kí wọ́n pè é, ó wá ní, "Ta ló kọ èyí?" Mo dìde. N kò di àga mú.

Ó wá ku tìrẹ.

Mo ní kí ìyá rẹ lọ pe télọ̀ wá. Ó dé pẹ̀lú okùn òṣùwọ̀n aṣọ lọ́rùn. Mo kọ orúkọ rẹ lójú rẹ̀, gbogbo rẹ̀, àti èyí tí ìyá bàbá rẹ sọ ọ́ tí o kì í lò. Mo wá sọ̀ kalẹ̀ sí ìlà kejì. Mo kọ ọ́: OLÙTỌ́JÚ ÀWỌN ÀGBÀ.

Télọ̀ tẹ orí síwájú. "Ṣé kì í ṣe ọ́fíìsì mọ́ ni?"

Mo ní, "Kò jẹ́ ọ́fíìsì rí. Àwọn arúgbó ló ń tọ́jú. Èmi ni mo purọ́ fún ọ. Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n. Mo ti ta ọmọ mi lọ́pọ̀ fún ọdún mẹ́rin, lónìí ni mo rà á padà. Ọmọ tó ń wẹ àgbà ló ka ìwé mi láti òkè òkun, tó mọ ohun tó wà nínú orí mi."

Télọ̀ yọ okùn òṣùwọ̀n kúrò lọ́rùn. Ó na ọwọ́ òsì rẹ̀ sí mi. Ọwọ́ náà ń gbọ̀n. Ó ní, "Ẹ bá mi bi í."

Màá kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sínú ìwé ọ̀tọ̀, ó ti ń kọ gbólóhùn ní wákàtí wákàtí. Ìwé-ẹ̀rí rẹ kò tíì kúrò nílé o, má bínú. Ó wà lára ògiri pálọ̀, ó kọjú sí ilẹ̀kùn. Ìlà kejì, mo kọ ọ́ gàdàgbà. Ẹni tó bá dúró sójú ọ̀nà lóde á kà á. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni màá fi í ránṣẹ́. Ó ń bà mí lẹ́rù kó má sọnù lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n bó bá sọnù, màá tún un kọ.

Èmi bàbá rẹ, Onígègé